Àmín Mẹ́rìndínlógójì

Ìwé ìṣọ́ náà sọ ọ́ kedere. Láàárín aago méjìlá ọ̀sán sí aago mẹ́ta, obìnrin tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ṣe àmín mẹ́rìndínlógójì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́, ó sì fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n ká aṣọ ìkélé. Ẹní wà níbẹ̀. Garawa wà níbẹ̀. Obìnrin kò sí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Etí-Kan ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí etí òsì rẹ̀ ti kú láti kékeré. Kò bínú sí orúkọ náà. Etí tó kù kò tó láti fi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ, nítorí náà ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu ènìyàn.

Ohun tí wọ́n sọ fún un kò pọ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun ló ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ó ti lo oògùn àìsàn ọpọlọ fún ọdún márùn-ún, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, oṣù kan sẹ́yìn, oògùn náà wọ inú agbọ̀n tó wà níwájú pẹpẹ, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń kó oògùn wọn sí láti fi hàn pé wọ́n gbà pé Ọlọ́run ti wò wọ́n sàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò rí oorun sùn mọ́. Ó ń tú aṣọ tó ti rán parí, ó ń tún un rán, ó ní ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú máṣíìnì. Ìjọ gbé e wá sí yàrá àdúrà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì yan ìṣọ́ tì í: ènìyàn méjì, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ méje gbáko, aláìsàn á sì máa gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n fi aṣọ funfun pín yàrá náà sí méjì, kí àwọn ọkùnrin má baà máa wo obìnrin lórí ẹní. Àwọn olùṣọ́ jókòó síhìn-ín, aláìsàn wà lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti gba àdúrà kan tán, aláìsàn á ṣe àmín, wọn á sì fa ìlà kan sínú ìwé. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ara rẹ̀ ń yá náà nìyẹn.

Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, ìta ni wọ́n ti ń tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá Géètì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àwọn ọlọ́pàá ti mú un láti àná, nítorí wọn ò rí ẹlòmíì mú.

*

Ìyá Aránṣọ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láti ìdájí. Kò sunkún. Ó sọ fún Etí-Kan pé òun gan-an lòun ju oògùn náà sínú agbọ̀n. Ọmọ òun dúró níwájú pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, gbogbo ìjọ ń wò, ojú wá ń ti òun, lòun bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí Etí-Kan bí ẹni pé kó mú ọwọ́ yẹn nìkan lọ sí àgọ́.

 Etí-Kan bi í bóyá ọmọ náà máa rí omi mu níbi yòówù tó bá wà.

"Kò ní mu ún," ni ìyá náà wí. "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Ìjọ máa ń wá já ààwẹ̀ rẹ̀. Bí Bàbá ò bá tíì sọ pé ó tó, ọmọ mi ò ní fẹnu kan nǹkan kan. Kó tó ṣàìsàn rárá ló ti rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó dúró dè yín ní oríta, ẹ yáa rántí padà lọ mú un, torí ibẹ̀ lẹ máa bá a."

Etí-Kan ṣírò rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìjẹta ni omi kan ẹnu rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti di wákàtí mọ́kàndínlógójì, oòrùn sì ti ń mú gan-an. Ó pe dókítà tó máa ń bá àgọ́ wọn ṣiṣẹ́. Dókítà béèrè bóyá ó ń rìn nínú oòrùn. Etí-Kan ní òun ò mọ̀. Dókítà ní kó yára, kó má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú bá a.

Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ sókè. Ó ti fi ọjọ́ mẹ́fà gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè láìjanpata, ó sì sọ, kí ẹnikẹ́ni tó bi í, pé òun kò fi ipá gba oògùn lọ́wọ́ ènìyàn rí.

"Ẹ ò gbà á, Bàbá," ni Etí-Kan wí. "Agbọ̀n lẹ gbé síbẹ̀."

Bàbá Ìjọ wo ilẹ̀. Ó ní agbọ̀n náà ti wà níbẹ̀ kí òun tó dé ìjọ náà. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè gbé e kúrò, òun kò sì gbé e.

*

Tíṣà àti Káfíńtà ni wọ́n ṣọ́ ọ láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta. Etí-Kan bá àwọn méjèèjì nínú yàrá àdúrà, níbi tí Tíṣà ti ń ka ìwé ìṣọ́ náà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó ṣí àwọn ojú ewé tó ṣáájú. Ọjọ́ kìíní: àmín méje, ó ń bú wa. Ọjọ́ kejì: àmín mẹ́ta, kò bọ́ síbi tó yẹ. Ọjọ́ kẹrin: kò ṣe àmín, ó ń kọrin. Títí dé aago méjìlá àná, àmín méjìlá ni gbogbo olùṣọ́ pa pọ̀ rí gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà ni èyí," ni Tíṣà wí, ó fi ìka lé mẹ́rìndínlógójì náà. "Mo ti kọ ìjẹ́rìí tí mo fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní mo ti gbọ́ iṣẹ́ ìyanu pẹ̀lú etí mi."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i?"

"Ta ló ń lajú gbàdúrà?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá má bínú, ohun kan ya òun lẹ́nu lánàá, òun kàn fi ṣe àwàdà ni. Tíṣà kì í parí àdúrà níbi tó bá ti sọ pé òun ń parí. Bí ó bá ní "níkẹyìn", kí ènìyàn lọ wá àga. Ọ̀nà ṣì jìn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gan-an máa ń ṣe àmín sí "níkẹyìn" Tíṣà kójú lè tì í kó dákẹ́.

"Ẹni àná ò ṣe é ṣáájú rí," ni Káfíńtà wí. "Ní 'níkẹyìn' kẹta ló tó ń ṣe é, wẹ́kú. Mo tiẹ̀ sọ fún Tíṣà pé ìyàwó mi tí mo fẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ ìgbà tí mo máa sọ̀rọ̀ tán tó bẹ́ẹ̀."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti ń yí padà. Ó béèrè bóyá Ọ̀gá ń sọ pé kì í ṣe Aránṣọ ló ń dá àwọn lóhùn. Etí-Kan ní òun kò tíì sọ nǹkan kan. Ó bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta.

Bó ṣe máa ń rí ni. Àwọn obìnrin méjì tó fẹ́ gba ìṣọ́ wọlé, gbogbo wọn di ọwọ́ mú, wọ́n dijú, wọ́n gba àdúrà ìfàlélẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí wọ́n lajú, Ìyá Ìjọ, aya Bàbá Ìjọ, wà láàárín wọn. Ó ní kí àwọn jẹ́ kí òun wo ọmọ náà. Òun ló ká aṣọ ìkélé, òun ló kọ́kọ́ ké.

"Ta ló bá wọlé?"

"Àwọn obìnrin yẹn," ni Káfíńtà wí. "Wọ́n jọ wọlé ni."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé lódìkejì títì. Etí-Kan kọjá síbẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Obìnrin náà ní rárá, Ìyá Ìjọ kò bá àwọn wọlé. Inú ilé ni àwọn bá a, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin.

*

Ní àgọ́, Bàbá Géètì fẹ́ dìde kí Etí-Kan, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Etí-Kan jókòó sílẹ̀ tì í, ní ẹ̀gbẹ́ etí tó ń gbọ́ràn. Ó ti mọ̀ láti àárọ̀ pé bàbá náà kò mọ nǹkan kan, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ di aago mẹ́wàá nítorí ìwé ìdásílẹ̀ ń fẹ́ ìbuwọ́lù ẹni tí kò tíì dé ibi iṣẹ́. Kò sọ èyí fún bàbá náà.

Bàbá Géètì ní òun ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní aago méjìlá, Tíṣà àti Káfíńtà wọlé. Ìyá Ìjọ wọlé lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bàsíà omi, ó fẹ́ wẹ ojú àti ẹsẹ̀ fún aláìsàn. Àdúrà ìfàlélẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé, ariwo ta. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin méjì tó parí ìṣọ́ jáde, Ìyá Ìjọ sì tẹ̀ lé wọn, bàsíà lọ́wọ́, gèlè funfun bò ó lójú. Òun tilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ kí i?"

"Mo kí i. Kò dáhùn." Bàbá náà fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ìyá kì í kọjá lára mi kó má béèrè orúnkún. Lójoojúmọ́ ni. Mo ní bóyá ó ń fi ẹnu gbààwẹ̀."

"Ní aago mẹ́ta ńkọ́? Ènìyàn mélòó lẹ ṣílẹ̀kùn fún?"

"Méjì."

"Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ká aṣọ ìkélé."

"Mo mọ̀. Mo rí i nígbà tó ń jáde, mi ò rí i nígbà tó ń wọlé. Mi ò sọ ọ́, torí wọ́n ti ń bi mí bóyá mo sùn. Wọ́n bi mí títí, èmi náà wá ń rò ó pé bóyá mo sùn lóòótọ́." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Tó bá jẹ́ oorun mi ló pa á ńkọ́?"

Etí-Kan ní kò sùn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ dúró nídìí tábìlì ọ̀gá àgọ́ títí wọ́n fi buwọ́ lu ìwé náà.

*

Ẹnì kan ṣì kù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dára. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, mẹkáníìkì, ti dúró lójú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí àbúrò òun lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, òun á fi ọkọ̀ wó ògiri wọn. Àwọn méjì sì rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá àdúrà lánàá, lẹ́yìn aago méjìlá.

Abẹ́ ọkọ̀ ni Etí-Kan bá a. Ó yọ orí jáde, kò yọ ìyókù.

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé e, ẹ ò ní máa wá a," ló wí. "Ẹ̀ bá rí i nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, ó ń mu tíì."

Kò sẹ́ pé òun lọ síbẹ̀. Ó ní òun fi owó ara òun ra oògùn àbúrò òun, òun fẹ́ gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jù ú sí i. Irin dí fèrèsé náà, ṣùgbọ́n páálí oògùn á gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun pè é jẹ́jẹ́. Kò yíjú. Òun rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣe àmín.

"Ó ya mí lẹ́nu o. Ó ti sanra. Mo ní irú ààwẹ̀ wo lèyí? Ọjọ́ mẹ́fà láìjẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ wá fẹ̀ bí ti ìyá oníbúrẹ́dì." Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jáde pátápátá láti abẹ́ ọkọ̀, ó jókòó sílẹ̀. "Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní wọ́n ń tọ́jú ẹ. Mo kó oògùn sápò mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, mo rí ẹ̀yìn ẹlòmíì, mi ò mọ̀."

Etí-Kan padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rìn yí ẹ̀yìn yàrá àdúrà ká dé géètì kékeré tí wọn kì í tì lọ́sàn-án. Lẹ́yìn géètì náà, níta, bàsíà kan wà nínú koríko. Omi kún un dé etí. Tówẹ́lì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká síbẹ̀, ó gbẹ. Ẹnì kan ti gbé omi ìwẹ̀ wọlé, wọ́n sì gbé e jáde láìfi wẹ ẹnikẹ́ni.

Ó wọ inú yàrá, ó jókòó lórí àga Tíṣà, ó dijú. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí òun bá dijú, òun kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ òun mọ́. Ìdí nìyẹn tí òun kì í fi dijú níbikíbi tó yàtọ̀ sí orí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n bá dijú ni iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn láàárín wọn kò nílò ju kó dúró de àdúrà. Ọ̀kan jáde nígbà àdúrà aago méjìlá. Èkejì jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé nígbà àdúrà aago mẹ́ta, ó sì dúró láàárín àwọn mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin rò pé ó bá àwọn obìnrin wọlé, àwọn obìnrin rò pé ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìjọ ló ti jókòó ní ìjókòó iwájú fún ọdún púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ "níkẹyìn" Tíṣà dé kẹta.

*

Ìyá Ìjọ wà nínú yàrá ìmúra, ó ń ká aṣọ funfun sínú àpótí. Ife omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò pọ̀. Etí-Kan bi í, bí ẹni tí kò ní ìdí, ní irú oògùn tí Aránṣọ ń lò. Ó ní funfun kékeré ni, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ jẹ́ ti àárọ̀, kí ènìyàn má lò ó láìjẹun nítorí ó máa ń jó ni láyà.

Ìyá Aránṣọ tó bí i kò mọ̀ ju pé ó funfun lọ.

Etí-Kan mọ gbígbọ̀n ìka náà, ó mọ ẹnu gbígbẹ náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún un ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, lórí àga onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, pé kó ṣe bí ọkùnrin, kó fi oògùn sílẹ̀, kó gbàdúrà. Àbúrò náà ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi sin ín.

"Ìyá," ló wí, "ènìyàn mẹ́rin ló ní ẹ wà níbẹ̀ ní aago mẹ́ta. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rí yín lẹ́nu ọ̀nà."

Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí. Ó gbé e lé àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí náà.

Kò pẹ́ kó tó sọ gbogbo rẹ̀. Aṣọ funfun méjì ló wọ̀ wọlé, ó bọ́ ọ̀kan sí Aránṣọ lára, ó wé gèlè fún un, ó gbé bàsíà lé e lọ́wọ́. Awakọ̀ kan ń dúró lódìkejì títì, láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìpẹ̀kun ìlú kejì, níbi tí òun fúnra òun ti ń gba oògùn láti ọdún mọ́kànlá, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tòun. Ó fẹ́ kó ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni awakọ̀ pè é pé òun kò rí ẹni gbé. Ó ti lọ wò ní ilé ìwòsàn ní ìdájí, kò débẹ̀.

"Bàbá Géètì sùn sí àgọ́," ni Etí-Kan wí.

"Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á lọ." Ó wo ìka ara rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ń gbé agbọ̀n yẹn, iwájú ni mo ń jókòó. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ fún ọmọ yìí."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ti oògùn òun fún Bàbá Ìjọ. Etí-Kan ní ènìyàn lòun ń wá, òun kò wá oògùn. Ó ní kó sọ ohun tó wí fún Aránṣọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bó ṣe wí i gan-an, kó má fi kún un.

"Mo ní kó máa lọ tààrà. Mo ní kó má wẹ̀yìn. Mo ní kó gbé bàsíà kalẹ̀ tó bá ti kọjá géètì. Ẹnikẹ́ni tó bá pè é, kó má dáhùn."

"Awakọ̀ ńkọ́? Kí lẹ ní kó ṣe?"

Ìyá Ìjọ dìde lórí àpótí.

"Mo ní kó pè é," ló wí.

*

Títì tó kọjú sí géètì kékeré náà lọ tààrà fún nǹkan bíi máìlì méjì. Etí-Kan kò wọ ọkọ̀. Ó fẹ́ rí ohun tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa rí, ó sì ń béèrè bó ṣe ń lọ. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù rí obìnrin aláṣọ funfun kan lánàá. Wọ́n rò pé ó ń lọ ṣe ìsìn. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òun ti kó táyà sí ojú ọ̀nà, obìnrin náà ń bọ̀ láìyà, òun sì yára yí táyà kúrò fún un. Ó ní òun kí i, kò dáhùn, òun sì ní kó bá òun gbàdúrà. Olùkọ́ kan lẹ́nu géètì ilé-ìwé rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Gbogbo wọn yà fún un.

Ibi tí títì náà parí sí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ kan ló dojú kọ ọ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń fọ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan wà níbẹ̀, ó wọlé lọ́sàn-án àná. Òun tilẹ̀kùn ní aago méje alẹ́, òun kò wo àárín àga, òun sì bá a níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Òun gbé omi fún un, ó kọ̀. Òun gbé búrẹ́dì fún un, ó ní ààwẹ̀ ni. Òun ní kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, òun sì rọra ń gbálẹ̀ yí i ká kí òun má dí i lọ́wọ́.

"Mo rò pé ẹni mímọ́ ni," ni ọkùnrin náà wí, nígbà tó rí ojú Etí-Kan.

Ìjókòó kẹta láti iwájú ló wà. Ètè rẹ̀ ti là, ojú rẹ̀ ti wọnú, ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Etí-Kan pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ní á tó ogójì ìṣẹ́jú. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e sún mọ́ ọn lẹ́nu. Aránṣọ yí orí kúrò. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń kọ aṣọ tí kò ráyè rán.

"Bàbá ò tíì já a."

Etí-Kan gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní ọlọ́pàá lòun. Ó ní dókítà ló ní kó mu ún. Lẹ́ẹ̀kẹrin, orí Aránṣọ ti ń ṣubú sẹ́yìn lórí àga, Etí-Kan sì mú fóònù, ó pe Bàbá Ìjọ, ó ní kó wá, kó má dúró wọ bàtà.

*

Bàbá Ìjọ wọlé pẹ̀lú sálúbàtà, Ìyá Ìjọ tẹ̀ lé e. Nínú ọkọ̀, aya rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún un. Etí-Kan rí i lójú àwọn méjèèjì pé ìdajì ni. Ìyá Aránṣọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́nà pẹ̀lú ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Bàbá Ìjọ kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ àga náà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà ọ̀hún, ó máa ń gbàdúrà gígùn kó tó já ààwẹ̀ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn tó há náà kò jẹ́ kó sọ púpọ̀.

"Ó tó, ọmọ mi. Mu omi."

Aránṣọ gba ife. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún mu. Ìyá Ìjọ di etí àga mú. Aránṣọ mu ún títí ife fi gbẹ.

Etí-Kan sọ fún un pé ọkọ̀ ń bọ̀, wọ́n á fún un lóògùn níbi tó ń lọ, á sì sùn. Aránṣọ gbọ́ ọ. Ó yíjú sí Bàbá Ìjọ, ojú rẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè bí ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tó tọ́.

"Bàbá, oògùn yẹn, mo ti fún Ọlọ́run. Ṣé wọ́n máa ń gba ohun tí wọ́n bá fún Ọlọ́run padà?"

Etí-Kan wo ẹnu Bàbá Ìjọ. Ẹnu náà mì, kò sọ nǹkan kan. Ó tún mì. 

"Èmi ò fún un ní tèmi," ni Ìyá Ìjọ wí.

Kò wo ọkọ rẹ̀. Aránṣọ ló ń wò.

"Irú tìẹ náà ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lò ó. Mo lò ó lọ́jọ́ tí mo pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo lò ó lánàá, mo lò ó láàárọ̀ yìí. Òun ló ń jẹ́ kí n lè dìde. Mi ò sọ fún ọ, mo jókòó mo ń wò ọ́. Má bínú sí mi."

Bàbá Ìjọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé ojú sókè sí aya rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti kọ́kọ́ ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀. Etí-Kan rò pé á bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun. Kò bi í. Ó jọ pé ó ti mọ̀ ọ́n.

"Aago mélòó lo máa ń lò ó?" ló wí.

"Bí ẹ bá ti jáde lọ síbi àdúrà òwúrọ̀."

Bàbá Ìjọ mi orí. Aránṣọ na ife sí i pé òun fẹ́ sí i. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àga gbé ara rẹ̀ dìde, ó lọ bu omi níbi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ omi náà bó ṣe ń dà, tó kún ife, tó ń ṣàn kọjá. Ó pẹ́ kó tó pa ẹ̀rọ náà.